Kíkọ́ Ọmọ Níwèé Nílé: Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́rin fún Òbí tí Ọwọ́ Rẹ̀ Dí ní Abẹ́òkúta

Òbí tó bá ń ka ìwé nípa títọ́ ọmọ lóde òní yóò rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kì í fi ara wọn sílẹ̀ nínú wọn: ìlera ọmọ, iṣẹ́ ọwọ́, àti kíkọ́ ọmọ níwèé nílé dípò kí a fi í sí ilé ìwé. Àwọn tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jiyàn lórí bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń dàgbà, lórí òmìnira ọmọ, àti lórí ohun tí ilé ìwé ń bàjẹ́ lára ọmọ, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu kan aago. Lójú tèmi, tí iṣẹ́ oṣù ń mú kúrò nílé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, aago ló yẹ kó ṣáájú gbogbo àríyànjiyàn wọ̀nyẹn. Kí òbí tó yan ọ̀nà kankan, kó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí: ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àgbàlagbà wo ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ, tí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́? Ìdáhùn ilé kan yóò yàtọ̀ sí ti ilé kejì, ọ̀nà tó sì yẹ kí wọ́n yàn yóò yàtọ̀ pẹ̀lú, bó ti wù kí ìwé tí wọ́n kà dùn tó.

Ìfiwéra yìí wà fún òbí tó ń gbé ní Abẹ́òkúta tàbí nítòsí rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín ọdún márùn-ún sí méjìlá. Ọ̀nà mẹ́rin tí mo sábà ń bá pàdé nínú ìwé ni mo gbé kalẹ̀, mo sì fi ìkarùn-ún kún un, ìyẹn ni kí ọmọ máa lọ sí ilé ìwé kí òbí sì máa fi ẹ̀kọ́ díẹ̀ tirẹ̀ kún un nílé, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé yóò fàbọ̀ sí nígbà tí wọ́n bá ṣírò gbogbo rẹ̀ tán.

Òfin àti ìdánwò

Ohun méjì ló wà tí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní òkè òkun kò lè sọ fún òbí tó ń gbé ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni òfin. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 pa á láṣẹ pé kí òbí rí i dájú pé ọmọ òun lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwé gírámà kékeré, kí ọmọ náà sì parí méjèèjì, èyí tó jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án lápapọ̀. Òbí tó bá kọ̀, ìbáwí ni yóò kọ́kọ́ gbà. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì pọ̀, ni òfin náà là kalẹ̀. Owó náà lè má jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n òfin ni òfin ń jẹ́, ilé ìwé ló sì dárúkọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí òbí tó fẹ́ mú ọmọ kúrò nílé ìwé pátápátá kọ́kọ́ lọ bá àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ Àríwá tàbí Gúúsù Abẹ́òkúta, kó sì máa tọ́jú ìwé iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe lójoojúmọ́, pẹ̀lú déètì lórí rẹ̀.

Ìkejì ni ìdánwò. Ọmọ tó kàwé nílé lè ṣe ìdánwò WAEC ti àwọn tí kò sí ní ilé ìwé, èyí tí àjọ náà ń ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, ó sì lè ti ibẹ̀ bọ́ sí ti JAMB bí ọmọ yòókù. Àárín gan-an ni ọ̀nà ti há. Ìdánwò ìparí gírámà kékeré jẹ́ èyí tí ilé ìwé ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún, kì í sì í rọrùn fún ọmọ tí kò ní ilé ìwé kankan lẹ́yìn láti wọlé sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè ohun kan lọ́wọ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ yìí: bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́wàá tí a sì fẹ́ dá a padà sí ilé ìwé, ṣé yóò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó?

Aṣọ kan, ọ̀nà mẹ́rin

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ kan ṣoṣo wọn ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: kíkọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ní ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin, àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ohun èlò rẹ̀ ni aṣọ funfun kan tó fẹ̀ tó áńkáṣíìfù. Bí a bá ká a sí méjì, tí a tún ká a, tí a sì tún ká a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di ìpele mẹ́jọ. Bí a bá fi ìko di àárín rẹ̀ pinpin tí a sì gbé e fún aláró, nígbà tí a bá tú u, àmì kan náà ni yóò hàn lójú mẹ́jọ lára aṣọ. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká a, tó sì fi ojú ara rẹ̀ kà á, kò ní béèrè mọ́ pé kí ló dé tí ìdá kan nínú mẹ́jọ fi kéré sí ìdá kan nínú mẹ́rin nígbà tó jẹ́ pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. Ìbéèrè yẹn ló máa ń da ọmọ láàmú jù nínú ìṣirò kíláàsì kẹta.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ìwé ilé ìwé. Òbí yóò ra ìwé tó bá ìlànà ẹ̀kọ́ tí àjọ NERDC ṣe mu, yóò sì máa kọ́ ọmọ láti kíláàsì sí kíláàsì, láti sáà sí sáà, bí tíṣà ṣe ń ṣe é. Ní ọ̀nà yìí, òbìrí tí wọ́n yà sínú ìwé ni ọmọ yóò kọ́kọ́ rí, yóò kun apá kan nínú rẹ̀, yóò sì ṣe ìṣirò mẹ́wàá tó tẹ̀lé e. Bí aṣọ bá wọ ọ̀rọ̀ náà rárá, lẹ́yìn ìṣirò ni. Kò dùn tó àwọn yòókù, mo gbà, ṣùgbọ́n òun nìkan ló dáhùn ìbéèrè ọmọ ọdún mẹ́wàá láìṣiyèméjì, nítorí pé ìwé kan náà ni ọmọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń kà. Owó rẹ̀ kò pọ̀, a sì lè gba àlòkù lọ́wọ́ ọmọ tó ti jáde kíláàsì. Ohun tó gbówó lórí níbẹ̀ ni wákàtí: àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ jókòó ti ọmọ fún ọ̀pọ̀ jù nínú òwúrọ̀, bí ọmọ bá sì jẹ́ méjì tí kíláàsì wọn kò dọ́gba, iṣẹ́ náà ti di ìlọ́po méjì. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilé ìwé pa, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn gbé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní DigiClass sórí OGTV. Ohun tí àwa òbí rí kọ́ nígbà náà ni pé tẹlifíṣọ̀n lè kọ́ ọmọ níwèé, ṣùgbọ́n kò lè jókòó tì í.

Ọ̀nà kejì ni ti Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù, ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1907. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta ju ara wọn lọ máa ń wà pọ̀ nínú iyàrá kan. Ohun èlò wà lórí pẹpẹ kúkúrú tí ọwọ́ wọn tó. Olùkọ́ yóò ṣe iṣẹ́ hàn lẹ́ẹ̀kan, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò sì fà sẹ́yìn kí ọmọ lè fúnra rẹ̀ ṣe é títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Aṣọ wa rí àyè tó dára jù níhìn-ín, nítorí pé láti ìpìlẹ̀ ni aṣọ kíká ti wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n á fi òwú rán ìlà sí ibi tí ó yẹ kí aṣọ ti ká, ọmọ yóò sì máa tẹ̀lé ìlà náà. Ìyá tó ní abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú lè ṣe é nílé ní alẹ́ kan. Ohun èlò yòókù, bí òbìrí onírin tí wọ́n gé sí ìdá láti orí odindi dé orí mẹ́wàá, wọ́n gan-an bí a bá ní ká rà á, ṣùgbọ́n káfíńtà tó mọṣẹ́ lè fi pákó pẹlẹbẹ gé irú rẹ̀.

Ohun tí káfíńtà kò lè bá wa gé ni àkókò. Ìlànà Montessori fẹ́ kí ọmọ ní wákàtí bíi mẹ́ta láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, kí àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń ṣe sì wà nítòsí. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ oṣù kò ní irú wákàtí mẹ́ta bẹ́ẹ̀ àfi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni pátákó ilé ìwé aládàáni tí wọ́n kọ orúkọ yìí sí kò tó ẹ̀rí. Kí òbí tó san owó, kó béèrè bóyá ọmọ lè yan iṣẹ́ fúnra rẹ̀, bóyá ọjọ́ orí àwọn ọmọ dà pọ̀ nínú kíláàsì, àti bí àkókò tí wọ́n ń fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣe gùn tó. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé gbogbo ogójì ìṣẹ́jú ni aago ń lù, a ti mọ irú ilé ìwé tó jẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni mo dúró lé lórí jù, mi ò ní fi pa mọ́. Charlotte Mason jẹ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bí i ní 1842, ó sì kú ní 1923 ní ìlú Ambleside, níbi tó ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ máa kọ́ ọmọ nínú ilé. Ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lọ lọ́dọ̀ rẹ̀; ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ka ìtàn sí ọmọ létí, ọmọ yóò sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ padà; ojoojúmọ́ ni kí ọmọ jáde síta lọ wo ewéko, ẹyẹ àti kòkòrò, kó sì ya ohun tó rí sínú ìwé; ọ̀sán sì ni ti iṣẹ́ ọwọ́. Nípa ti aṣọ wa, ọmọ yóò ká a, yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tó ká a, yóò yà á sínú ìwé rẹ̀, wọ́n á sì dìde níbẹ̀. Ìyókù di ọ̀la.

Ohun tó mú kí ọ̀nà yìí bá òbí tí ọwọ́ rẹ̀ dí mu ni pé ó ṣeé gé sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lè rí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ, ogún ìṣẹ́jú náà sì jẹ́ odindi ẹ̀kọ́ kan, kì í ṣe àjákù. Sísọ ìtàn padà kò ṣàjèjì sí wa pẹ̀lú, nítorí ọmọ tó bá ń gbọ́ àlọ́ lálẹ́ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìtàn ìlú yìí nìkan tó fún odindi sáà: bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe dé abẹ́ Olúmọ ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ tó ṣáájú wọn, bí wọ́n ṣe tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣe ja ìjà owó orí títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ọmọ gbọ́ ọ ní alẹ́, ó sọ ọ́ padà, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ẹ gun àpáta náà tàbí ẹ rìn kọjá ní Aké. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwé tí àwọn ọmọlẹ́yìn Mason ń dárúkọ kún fún òdòdó àti ẹyẹ tí ọmọ wa kò rí rí. Kí a fi ẹyẹ ẹ̀gà tó ń hun ìtẹ́ rẹ̀ sórí ọ̀pẹ rọ́pò wọn. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ náà kò tó fún ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò ìjọba, nítorí náà ìwé ìṣirò ti ọ̀nà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin kò ní gbà wá ní àkókò púpọ̀. John Holt, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà tó kú ní 1985, ló sọ ọ́ di mímọ̀ pé kí a má fún ọmọ ní ìlànà ẹ̀kọ́ kankan, kí ohun tó wu ọmọ láti mọ̀ máa darí rẹ̀. Lọ́nà yìí, ẹnikẹ́ni kò ní gbé aṣọ wa jáde àfi bí ọmọ bá tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, tó sì béèrè pé kí ló dé tí àmì kan náà fi wà níbi mẹ́jọ. Ó jọ pé ọ̀nà yìí ló rọrùn jù fún òbí tí ọwọ́ rẹ̀ dí, nítorí kò sí ìwé, kò sí aago. Òdìkejì ni òtítọ́ rẹ̀: ìbéèrè ọmọ kì í dúró de ìrọ̀lẹ́, ẹni tí yóò dáhùn sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tó bá jáde lẹ́nu. Nínú ilé tí kò ti sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, fóònù ni yóò dáhùn, kò sì pẹ́ tí fóònù yóò fi máa yan ìbéèrè fún ọmọ. Mi ò ní dámọ̀ràn rẹ̀ fún òbí tó ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan wà tí kò ná òbí ní wákàtí kan lé sí i, èyíkéyìí tó wù kó yàn, ìyẹn ni èdè. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Òbí tó ń ti ẹnu bọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá a lójú nígbà tó bá ń ṣàlàyé ìdá fún ọmọ, ó ń dá kún iṣẹ́ ara rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ọwọ́ wo fún ọmọ wo

Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí ìwé máa ń dárúkọ, bí ìlẹ̀kẹ̀ sínsín, ìránṣọ, àti fífi kọ̀rọ́ṣọ́ hun aṣọ, àdìrẹ ni mo yàn fún ọmọ Abẹ́òkúta, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: àwọn tó mọ̀ ọ́n jù wà ní Ìtòkú, a kò nílò fídíò. Ìlẹ̀kẹ̀ dára fún ṣíṣe ìṣirò olónkà, ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà, kí wọ́n gbé e jìnnà, torí pé ọmọ kékeré á fi í sẹ́nu.

Àdìrẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kan. Àdìrẹ oníko ni ọmọ ọdún mẹ́fà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: aṣọ funfun, ìko tàbí òwú tó yi, àti òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àgbàdo gbígbẹ tí yóò dì sínú aṣọ. Bí ọmọ bá ti ń fà á kí ó le pinpin, ìka tí yóò fi di pẹ́ńsù mú ló ń fún lókun. Ìdì tó bá dẹ̀ ni aró yóò wọnú rẹ̀, ọmọ yóò sì rí ẹ̀bi ara rẹ̀ lára aṣọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ yẹ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tí àgbàlagbà jókòó tì. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ni yóò gbà, ìgbà tí a bá sì ń tú òwú kúrò lẹ́yìn aró ni aṣọ máa ń ya, nítorí náà ẹ má fi sísọ́ọ̀sì tí a fi ń tú u lé ọmọ lọ́wọ́.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló ní ẹ̀kọ́ nínú jù. Wọ́n á fi láfún tàbí ìyẹ̀fun mìíràn pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀ se ẹ̀kọ tó ki, wọ́n á sì fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya àwòrán sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró kò ní lè mú. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀yìn ògbólógbòó àdìrẹ ẹlẹ́kọ fi máa ń dúdú láìní àwòrán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sókè lè ṣe é. Kí ẹ̀kọ tó gbẹ nínú oòrùn, wákàtí púpọ̀ ti lọ, nítorí náà iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, kì í ṣe ti ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Níbi aró ni kí gbogbo òbí ti ṣọ́ra. Nígbà àtijọ́, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni yóò sì fi kan nínú ìkòkò kí ó tó ṣeé lò. Lónìí, ẹ̀lú oníyẹ̀fun, kọ́sítíìkì sóódà àti kẹ́míkà tí àwọn aláró ń pè ní háídírọ́ọ̀sì ló wọ́pọ̀. Kọ́sítíìkì sóódà ń bó awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú. Inú omi ni wọ́n ń da sóódà sí, wọn kì í da omi lé e lórí, nítorí pé ó máa ń gbóná lójijì, á sì ta. Èéfín kẹ́míkà kejì kò dára fún ọmọ tó ní ikọ́ fée tàbí tí àyà máa ń há. Èrò mi ni pé kí ọmọ dì í nílé, tàbí kó rán an, tàbí kó ya ẹ̀kọ sí i, kí a sì gbé e fún aláró ní Ìtòkú láti rẹ. Bí ọmọ bá fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́, kó dúró lókèèrè, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé èéfín lù ú. Bí ó bá ta sí ara tàbí ojú, omi púpọ̀ tó mọ́ ni kí a máa dà sí i láìdáwọ́ dúró, kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìlera: ohun tí ilé ìwé ń bá òbí gbé

Ìwé nípa kíkọ́ ọmọ nílé fẹ́ràn láti máa sọ pé ọmọ tó wà nílé kì í kó òtútù àti àìsàn bí ti ọmọ ilé ìwé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ ni iṣẹ́ ìlera tí ilé ìwé ń ṣe tí òbí kò mọ̀ pé ó ń ṣe.

Láti oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láti dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ilé ìwé sì wà lára ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé e lọ. Ilé ìwé kan náà ni wọ́n ti ń pín oògùn aràn àti oògùn àtọ̀sí ajá, ìyẹn àrùn inú omi tó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtọ̀sí ajá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn fún wa, nítorí pé àwọn olùwádìí ti ń rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún lára àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ nínú omi nítòsí ìsédò Ọyán. Ọmọ tí kò sí ní ilé ìwé, ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ni yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé láti béèrè fún gbogbo rẹ̀. Bí wọn kò bá lọ, kò sí ẹni tí yóò rántí wọn.

Èyí tó wúwo jù lójú mi ni ọ̀rọ̀ ojú. Ní kíláàsì, tíṣà máa ń rí ọmọ tó ń fún ojú pọ̀ kí ó tó lè ka ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù. Nílé kò sí bọ́ọ̀dù. Ìwé wà nítòsí ojú, ọmọ tí kò rí ọ̀nà jíjìn lè máa kàwé fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó fura. Kí òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé mú un lọ sí ẹ̀ka ojú ní ilé ìwòsàn, irú èyí tó wà ní Ìdí-Àbá, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Jíjáde síta lójoojúmọ́ tí Mason ń sọ náà ní èrè níhìn-ín, nítorí pé ọmọ tó ń pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í tètè ní àìrí-ọ̀nà-jíjìn bí ti èyí tó ń wà nínú ilé ní gbogbo ìgbà. Nípa ti ibà, méjèèjì dọ́gba: òru ni ẹ̀fọn náà ń jẹ ọmọ, inú àpò ẹ̀fọn ni kí ọmọ sùn, ilé ìwé kò kàn án.

Bí ìwé ìlera méjì bá takora, èyí tó fún ọ ní òṣùwọ̀n ni kí o kọ́kọ́ gbà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru. Ìwé kan yóò ní kí a fún ọmọ ní àgbo tó ń wẹ inú mọ́, láìsọ iye rẹ̀. Ìkejì yóò ní kí a ra omi iyọ̀ òun ṣúgà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, bí kò bá sí, kí a po ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n pẹrẹsẹ, mọ́ lítà omi kan tó mọ́. Kí a fún ọmọ tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ ní oògùn síǹkì mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Kí a sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí bí ọmọ kò bá lè mu omi mọ́. Ẹni tó kọ ìkejì mọ̀ pé òun lè ṣàṣìṣe, ó sì ti fi ibi tí agbára òun pin sí hàn.

Bí a ó ṣe yàn án

Ilé tí àgbàlagbà kan ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo òwúrọ̀, bíi ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, lè kọ́ ọmọ nílé pátápátá bí aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ bá ti gbọ́ sí i. Kí wọ́n fi ìwé ilé ìwé kọ́ ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì fi ọ̀nà Mason kọ́ ìyókù. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà bá wà níbẹ̀, òun nìkan ni mo lè sọ pé kí wọ́n ṣe ti Montessori fún, pẹ̀lú ẹ̀wà ṣíṣà, aṣọ kíká àti omi bíbù láti inú ife sínú ife.

Ilé tí òbí ti ń tajà, tí ọmọ sì ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Kútọ̀ tàbí Làfẹ́ńwá, jọ èyí tó lè kọ́ ọmọ fúnra rẹ̀, nítorí pé ojú òbí wà lára ọmọ ní gbogbo ọjọ́. Ojú wà lára ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn wà lọ́dọ̀ oníbàárà. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa lọ sí ilé ìwé. Lẹ́yìn tó bá dé, kó máa ṣírò ṣéńjì, kó máa wọn ọ̀pá aṣọ, kó sì máa kọ ọjà tó jáde sínú ìwé. Ìṣirò tó péye ni gbogbo rẹ̀.

Ilé kẹta ni ti ọ̀pọ̀ nínú wa, níbi tí bàbá àti ìyá ti ń jáde kí aago méje tó lù. Ilé ìwé ni kí ọmọ wà, kí òbí má sì jẹ́ kí ìwé kankan mú un banújẹ́ nítorí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó yí padà ni lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, èyí tí wọ́n fi ń dá ọmọ kíláàsì kejì dúró títí di aago márùn-ún láti tún ṣe ohun tó ṣe láàárọ̀. Kí ọmọ máa bọ̀ nílé, kó ṣeré nínú oòrùn, kó jẹun, kí òbí sì lo ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀: ìtàn kan, sísọ ọ́ padà, ìlà mẹ́ta nínú ìwé. Òwúrọ̀ Àbámẹ́ta di ti iṣẹ́ ọwọ́. Kí a pe tíṣà lẹ́sìnnì padà nígbà tí ọmọ bá wọ kíláàsì karùn-ún tí ìdánwò àtiwọ gírámà bá súnmọ́, kí a sì fún un ní iṣẹ́ méjì péré, ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìwé ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá.